Owó, Orúkọ àti Òkè Òkun: Ìtàn Yíyan Yunifásítì láti Ẹ̀sìtéètì Jákàńdè

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Òṣòdì, tó gba Ìsọlọ̀ kọjá sí Òkè-Afá, tó wá ké sí awakọ̀ pé, "Géètì Jákàńdè, ó wà o!", orúkọ ènìyàn ló pè, ṣùgbọ́n ilé ló ń lọ. Ó ti pẹ́ tí orúkọ náà ti kúrò lára ẹni tó ni ín, tó sì ti di orúkọ ilẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ lè ti gbọ́njú dáadáa kó tó mọ̀ pé Jákàńdè jẹ́ gómìnà rí. Àmọ́ lọ́dún tí ọmọ náà bá fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB, tó jókòó ti àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò yunifásítì tí yóò fi ṣe àkọ́kọ́ àti èyí tí yóò fi ṣe ìkejì, ọwọ́ Jákàńdè kan náà tún wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó kọ́ ilé tí wọ́n jókòó sí ló dá ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò sílẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn òbí sábà máa ń gbé sórí ìwọ̀n nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀: iye owó, iyì orúkọ, àti bóyá kí ọmọ kúkú gba òkè òkun lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ayé jápa òde òní ló bí ìjíròrò yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀n náà dàgbà ju ẹ̀sìtéètì náà lọ, ó sì dàgbà ju Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lọ.

Ní 1827 ni ìjọ CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Ní 1876 ni wọ́n so kọ́lẹ́ẹ̀jì náà mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi jẹ́ pé ọmọ Èkó tàbí ọmọ Abẹ́òkúta lè gboyè Durham láì fojú kan Durham. Ọ̀nà tí apá ṣì lè ká nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni kí ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London tàbí Edinburgh. Òun ni Christopher Sàpárà Williams gbà, tí wọ́n fi gbà á wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní London ní 1879, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Òun náà ni Kófowórọlá Moore gbà dé Oxford, níbi tó ti gboyè ní 1935, tó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀. Ọ̀nà òkè òkun ìgbà náà kì í ṣe ọ̀nà ọmọ alágbàṣe.

Láàárín méjèèjì ni ọ̀nà kẹta wà: kí ènìyàn jókòó sílé, kó máa ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì ṣe ìdánwò Yunifásítì London nínú Nàìjíríà níbí. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tọ̀. Ó ń ṣòwò, ó ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn, ó sì ń kàwé lóru, títí tó fi gboyè London nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944. Ọdún yẹn kan náà ló tó rí owó kó jọ láti kọjá sí London lọ kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Gbèsè àti àìrówó ló dá ìrìn àjò náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn Jákàńdè fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀yìn Awólọ́wọ̀ ni Jákàńdè tọ̀, ìrora olówó kékeré tó fẹ́ kàwé kò sì ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn méjèèjì jọ wà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ iyì orúkọ ti gbóná jù lọ ni Yábàá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 1934 ni Gómìnà Donald Cameron ṣí Yaba Higher College ní gbangba. Lójú ìjọba amúnisìn, oore ńlá ni: ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ ọ̀gbìn àti ti olùkọ́, gbogbo rẹ̀ nílé, láì náwó ọkọ̀ ojú omi. Lójú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, àbùkù ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò so mọ́ yunifásítì kankan. Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ni yóò máa fún akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí náà kò sì ní í dọ́gba pẹ̀lú oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ yóò jáde gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà, lábẹ́ òyìnbó tó lè máà ní ìrírí tó tirẹ̀. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ orí àwọn tó bá jáde níbẹ̀ ti kan òrùlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìbínú yìí wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement ní 1934, ẹgbẹ́ tí Ernest Ikoli, J. C. Vaughan, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà dá sílẹ̀. Ní 1936 ó di Nigerian Youth Movement, ní 1938 ó sì gba ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó mọ́ ẹgbẹ́ Herbert Macaulay lọ́wọ́. Àwọn òpìtàn máa ń ka gbogbo èyí sí ìtàn òṣèlú, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára kí a rántí pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló dá iná náà. Àwọn ènìyàn ń bèèrè ohun tí òbí Òkè-Afá ń bèèrè lónìí: bí ọmọ bá ka ìwé yìí tán, ta ni yóò kà á sí?

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ Yábàá kò dára o. Stephen Awókọ̀yà tó wá di mínísítà ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, tó ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó gbéra ní oṣù Kìíní 1955, kàwé ní Yábàá. Ohun tí wọ́n ń bínú sí ni pé ìjọba fẹ́ kí wọ́n yàn láàárín owó díẹ̀ pẹ̀lú àbùkù, àti owó rẹpẹtẹ pẹ̀lú iyì. Ní 1948, nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yábàá ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Ẹlẹ́yẹlé. Lọ́tẹ̀ yìí, oyè London ni wọn yóò gbà. Kò tún sí ẹni tó bínú mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí wọlé kò tó nǹkan, àwọn tó ń fẹ́ wọlé sì pọ̀ lọ bí eṣú.

Lẹ́yìn òmìnira ni ilẹ̀kùn ṣí. Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ní 1962, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria tẹ̀ lé e, Ìbàdàn náà sì bọ́ lábẹ́ London lọ́dún náà. Láàárín ogún ọdún sí i, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ti ní oríkì tirẹ̀ bí ìdílé ṣe ń ní. Ará Ìbàdàn ní tàwọn ni àkọ́kọ́, òun náà ló sì dára jù. Ará Ifẹ̀ kì í dárúkọ ilé ìwé wọn láì fi "Great" sí i níwájú, kódà lẹ́yìn tí ìjọba ti fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987. Ará Akọkà ní tàwọn ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ yàn. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn tó jáde níbẹ̀ ṣe ń bára wọn jiyàn níbi ìnáwó yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń ra fọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan.

Nínú ọdún 1978, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó yí yíyan yunifásítì padà. Èkíní ni ìdásílẹ̀ JAMB, tó gba ìgbaniwọlé kúrò lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan, tó sì fi í sábẹ́ ìdánwò kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni "àkọ́kọ́" àti "ìkejì" ti di ọ̀rọ̀ ilé. Èkejì ni owó oúnjẹ. Ìjọba ológun fi owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kún láti 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ sí ₦1.50, wọ́n sì fi ti ibùgbé kún un pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ń pariwo pé kí Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nà àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́, máa lọ. Ìbọn ba akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọkà àti ní Zaria, ẹ̀mí sì ṣòfò. Náírà kan péré ni àfikún oúnjẹ náà, àmọ́ àwọn tó kú nítorí rẹ̀ kò dìde mọ́.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979, ni Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè di gómìnà Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Oníwèé ìròyìn ni. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti bọ́ sídìí iṣẹ́ náà ní 1949, ó sì di olóòtú àgbà Nigerian Tribune ní 1956. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, Jákàńdè sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ìlérí ṣeré. Nígbà tó dé, àwọn ọmọ Èkó ń pín yàrá ìkàwé kan náà lò, àwọn kan láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án. Ó fòpin sí i. Ó kọ́ yàrá ìkàwé lọ́nà tó yá, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, débi tí àwọn alátakò fi ń pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Àwọn ọmọ tó kàwé nínú ilé adìyẹ ọ̀hún ti di dókítà àti agbẹjọ́rò lónìí, èébú náà sì ti gbàgbé ibi tó wà.

Bó ṣe kọ́ ilé ìwé ló ṣe kọ́ ilé gbígbé. Ẹ̀sìtéètì Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ tó tò káàkiri ìpínlẹ̀ náà, láti Ìba títí dé Ẹ̀pẹ́. Ilé lásán ni, kò sí ẹwà kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi yangàn: búlọ́ọ̀kù tó jọra, fúláàtì tó jọra, ojú ọ̀nà tóóró. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò kéékèèké ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Lónìí, àwọn tó wà níta Ìsọlọ̀ máa ń rántí agbègbè náà nítorí odò lílà Òkè-Afá, níbi tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn ọmọdé, kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002 nígbà tí wọ́n ń sá fún ìbúgbàù bárékè Ìkẹjà. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń rántí rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní ilé tí onílé kò lè lé wọn jáde.

Ohun ìkẹta ni yunifásítì. Ní 1983 ni òfin dá Lagos State University sílẹ̀, wọ́n sì fi í sí Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Agbádárìgì. Ìdí tó fi yẹ kí ìpínlẹ̀ kékeré ní yunifásítì nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Akọkà kò ṣòro rí. Gbogbo Nàìjíríà ló ń du Akọkà. JAMB sì ti pín àyè ibẹ̀ láàárín ẹni tó mókè, ẹni agbègbè, àti ẹni tó wá láti ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn rẹ̀yìn. Ọmọ Èkó tó ṣe dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mókè tó lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí. LASU ni ilẹ̀kùn tiwọn. Ilé, ilé ìwé, yunifásítì: ẹni tó bá ń gbé Jákàńdè lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láì fi Èkó sílẹ̀ àti láì tọrọ owó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, àwọn ológun gbàjọba. Bí ètò náà ìbá ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó rí i.

Ó yẹ kí a má gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó súnmọ́ Jákàńdè jù gbogbo wọn lọ. Ní 1977 ni ìjọba ológun Èkó dá Lagos State College of Science and Technology sílẹ̀, Ìsọlọ̀ gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló wá di Lagos State Polytechnic, tí orí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi lọ sí Ìkòròdú. Ẹni tó bá ń gbé Òkè-Afá lè fẹsẹ̀ rìn tàbí wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo débẹ̀. Síbẹ̀, ṣàṣà ni ilé tí wọ́n ti ń fi ṣe àkọ́kọ́. Wọ́n á ní poly ni. Ìwé ẹ̀rí HND rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú oyè yunifásítì lójú agbanisíṣẹ́. Bí ẹni méjèèjì bá wọ iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ kan náà, ibi tí ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ẹnìkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ Yábàá 1934 tó gbé agbádá mìíràn wọ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì fi ọwọ́ ara wọn rán an lọ́tẹ̀ yìí. Ní 2022 ni ìjọba Èkó sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di yunifásítì. Olùkọ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà, orúkọ tuntun.

Ibi tí owó ti wá kọlu orúkọ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo Èkó fi gbọ́ ni ọ̀rọ̀ LASU ní 2011. Títí di ìgbà náà, ₦25,000 ni owó ilé ìwé níbẹ̀. Ìjọba Babátúndé Fáshọlá gbé e sókè, lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n rán lọ bẹ ilé ìwé náà wò, sí iye tó bẹ̀rẹ̀ láti ₦193,750 tó sì dé ₦348,750 fún àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn. Kí òǹkàwé ṣírò rẹ̀ bí àwọn òbí ṣe ṣírò rẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni òfin owó oṣù tó kéré jù jáde, ₦18,000 lóṣù, ìyẹn ₦216,000 lọ́dún. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò kó owó oṣù mẹ́wàá ó lé díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó pọ́ọ́kú jù. Fún ti ìṣègùn, owó oṣù 19 kò tó. Òbí tó bá ní ọmọ méjì níbẹ̀ kò ní ìṣirò kankan láti ṣe mọ́.

Ìjọba ní àwíjàre. Ilé ìwé náà ti di ẹgẹrẹmìtì: àwọn ilé ń wó, yàrá ìṣàyẹ̀wò òfìfo, ìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tó dára kò lè jẹ́ ₦25,000, pé ẹ̀kọ́ tí kò níye lórí ló pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, àti pé ọmọ Èkó tí kò lówó lè rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ máa ń náni lówó, bí òbí kò bá san án, ẹlòmíràn ni yóò san án. Àṣìṣe ètò náà wà níbòmíràn: ó gbàgbé ohun tí wọ́n fi dá LASU sílẹ̀. Owó Akọkà, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì tóbi jù, kò sún mọ́ iye tuntun yẹn nígbà náà. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún ẹni tí kò rí Akọkà wọ̀ ti wá wọ́n ju Akọkà lọ. Ẹni tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lè fi díẹ̀ kún un kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, tí wọn kì í ti í da iṣẹ́ sílẹ̀. Irú wọn ti ń dìde láti 1999 tí ìjọba ti fún Babcock àti àwọn méjì mìíràn níwèé àṣẹ, Covenant sì wà ní Ọ̀tà nítòsí láti 2002. Ẹni tí kò ní in kò ní ibì kankan.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn tó ń fi LASU ṣe àkọ́kọ́ dínkù gidigidi, àyè ṣófo nínú yàrá tí wọ́n ti máa ń dúró tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2014, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì ti ilé ìwé náà pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dákẹ́. Wọ́n rìn dé Alausa lọ bá ìjọba ní ojúdé rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2014, pẹ̀lú ìdìbò tó ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fáshọlá dá owó náà padà sí ₦25,000. Àwọn tó ti san iye ńlá ní ọdún mẹ́ta ti san án lọ. Àwọn tó fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìwé ìròyìn kò bá wọn dé ilé.

Iyì orúkọ náà kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Times Higher Education to LASU sí ipò kejì ní Nàìjíríà, lẹ́yìn Ìbàdàn nìkan. Ìpínlẹ̀ kankan kò ní yunifásítì lórí àtẹ náà tó tó o. Àwọn tó ń pè é ní ilé ìwé àwọn tí kò rí Akọkà wọ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ìyanṣẹ́lódì náà tún dá sí i. ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 9 ní 2020, àti fún oṣù 8, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ní 2022. Ní 2022, LASU kò bá wọn dáwọ́ dúró. Ẹ̀kọ́ ń lọ ní Ọ̀jọ́ nígbà tí géètì Akọkà wà ní títì. Báyìí ni ohun kẹrin ṣe gun orí ìwọ̀n àwọn òbí: ọdún tí ọmọ yóò fi ṣòfò. Èyí kò sí nínú ìṣirò Sàpárà Williams.

Ọdún tó ń ṣòfò yìí ló tún sọ òkè òkun di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí nígbà kan. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan àti àádọ́rin sẹ́ǹtì lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn àjèjì tó pọ̀ jù nínú yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọdún náà kan náà ni Britain bẹ̀rẹ̀ sí í gba iye tí ẹ̀kọ́ ń náni gan-an lọ́wọ́ àjèjì, láì sí ìrànwọ́ ìjọba wọn nínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n náírà ni ó pa ọ̀nà náà dé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, nígbà tí ètò SAP jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ó já lulẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kò sì rí owó ránṣẹ́ mọ́ sí ọmọ tó ti wà níbẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ òkè òkun padà di ti olówó.

Ní oṣù Keje 2021, Britain dá àṣẹ padà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ lè dúró ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ilé tí kò tó ọ̀kan ní Jákàńdè ni kò mọ ẹnìkan tó lọ; ilẹ̀ tí wọ́n ti rà, ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn, wọ́n tà á. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, jápa, di ọ̀rọ̀ tí Ìgbò àti Haúsá jọ ń sọ. Iye akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Britain ju 40,000 lọ ní sáà ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 sì kọjá ₦1,400 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó ń lọ fún oyè Masters kò lè kó aya àti ọmọ dání mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní oṣù Karùn-ún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ní Teesside, tí wọn kò lè san owó wọn pé nítorí náírà, rí i pé wọ́n ti yọ wọ́n kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa padà sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ti 1986 ló tún ṣẹlẹ̀ sí wọn, àmọ́ èyí yá ju tìṣáájú lọ.

Òkè òkun kan wà tí kò la òkun kọjá. Kútọnu kò jìnnà sí Òkè-Afá ju Ìlọrin lọ, wọ́n sì ń sọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí JAMB dá padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ló ti gba ibẹ̀ lọ, níbi tí owó ti mọ níwọ̀n, tí wọn kì í sì í da iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan kàwé dáadáa níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn kan ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian fi hàn bí òun ṣe gba oyè ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìjọba àpapọ̀ dá ìgbàwọlé oyè Benin àti Togo dúró ní oṣù Kìíní 2024. Ẹni tó jókòó fún ọdún mẹ́rin àti ẹni tó san owó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ inú àpò kan náà, wọ́n sì dì í lẹ́nu.

Ó kù ti ilé. Ní 2023, Akọkà fi owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san kún láti ₦19,000 sí iye tó ju ₦100,000 lọ fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n sì dín díẹ̀ kù níbẹ̀. Iye ti 2011 tó dà bí ìwà ìkà ní Ọ̀jọ́ ti wá ń sún mọ́ Akọkà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2024, NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Ilé ìwé ni àjọ náà ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààràtà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara. Nínú ₦20,000 yẹn ni ọmọ tó ń ti Géètì Jákàńdè lọ sí Akọkà yóò ti yọ owó ọkọ̀ Mùṣín àti ti Yábàá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kó tó ra ìwé kan, kó tó jẹun.